Fáànù Tó Dákẹ́ Kì Í Ṣe Àmì Ìwòsàn

Ìlọ́ra láptọ́ọ̀pù mi ni mo kọ́kọ́ rí, n kò rí ooru rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni gígé fídíò àti títún ohùn ṣe, iṣẹ́ tó máa ń gba gbogbo agbára tí kọ̀ǹpútà bá ní. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi ṣì jẹ́ tuntun, mo lè fi fídíò sílẹ̀ kó máa ṣe ara rẹ̀ jáde, kí n lọ wẹ̀, kí n sì padà wá bá a pé ó ti parí. Nígbà tó yá, mo á wẹ̀, mo á jẹun, mo á dáhùn gbogbo lẹ́tà tó wà nílẹ̀, kò ní tíì dé ìdajì. Mo ní ó ti gbó ni. Mo ní àyè inú rẹ̀ ló ti kún. Mo pa fáìlì rẹ́, mo yọ áàpù dànù, mo tilẹ̀ nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́ kanlẹ̀, mo tún Windows gbé sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yá díẹ̀, ó sì tún padà sí bó ṣe wà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, fáànù ń ké, abẹ́ láptọ́ọ̀pù ń ta mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò so ó mọ́ ìlọ́ra rárá. Ta ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í gbóná? Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Ìṣòro kan náà ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU, ní ibi tí ìgbóná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ CPU Intel tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, 100°C ni ibẹ̀. Ti àwọn mìíràn ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ti àwọn mìíràn kò tó o. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, kì í dúró kó jóná. Á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ooru lè rọlẹ̀. Èyí tó yẹ kó máa sáré ní gigahertz mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ní méjì, tàbí kó kéré sí i. Bí ìyẹn náà kò bá ràn án, á paná lójijì, kò ní kìlọ̀, kò ní bi ọ́ bóyá o ti tọ́jú iṣẹ́ rẹ. Gbogbo fáìlì tí mo pa rẹ́ yẹn, mo pa wọ́n rẹ́ lásán ni. Ẹni tó ń sáré nínú kọ̀ǹpútà náà ti fẹsẹ̀ rìn tipẹ́, èmi ń gbá ilẹ̀ fún un.

Alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣiṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì sì ni. Lára láptọ́ọ̀pù tèmi, abẹ́ ni ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé wà, ẹ̀yìn, níbi tí sikirínì ti ń ṣí, ni èyí tó gbóná ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e lé tìmùtìmù tàbí aṣọ ìbora, aṣọ á dí ihò abẹ́ pa, fáànù á máa yí, kò ní rí afẹ́fẹ́ tí yóò fà. Bí mo bá sì gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, itan ni mo máa ń gbé e lé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí awọ itan mi fi yọ ilà pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń gba ara wọn kọjá. Kò dùn mí, kò yún mi, n kò sì kà á sí.

Orúkọ wà fún un lọ́dọ̀ àwọn dókítà: erythema ab igne. Ara àwọn tó máa ń jókòó ti iná pẹ́, tàbí tó ń gbé ìgò omi gbígbóná lé ara, ni wọ́n ti ń rí i látijọ́. Ooru tí kò tó èyí tó ń bó ara ló ń fà á, bíi 43 sí 47°C, tó bá ti ń wà níbì kan náà lemọ́lemọ́. Lọ́dún 2010, àwọn dókítà ní Switzerland kọ nípa ọmọkùnrin ọdún 12 kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Pediatrics. Ọmọ náà ń fi láptọ́ọ̀pù ṣeré lórí itan fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, itan òsì rẹ̀ sì yọ ilà. Ohun tó mú mi dúró nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọmọ yẹn ti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ń gbóná, síbẹ̀ kò yí i padà. Èmi náà mọ̀. Bí a bá tètè gbé ohun gbígbóná náà kúrò, ilà yẹn sábà máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣí, dókítà awọ ara ni kó lọ bá.

Mo wá ra pátákó oní-fáànù, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ láptọ́ọ̀pù. Iná búlúù ń tàn lára rẹ̀, ó sì ń da ariwo tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti láptọ́ọ̀pù. Bí mo bá fọwọ́ kan abẹ́ láptọ́ọ̀pù, mo á rí i pé ó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi á dùn. Iṣẹ́ kò yá sí i. Ó pẹ́ kí n tó dojú láptọ́ọ̀pù dé kí n fi ojú wọ̀n ọ́n: fáànù tó wà lára pátákó náà kò ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ike ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. N kò sọ pé kò sí pátákó tó wúlò. Bí fáànù rẹ̀ bá bọ́ sí abẹ́ ihò gan-an, ó lè dín ooru kù díẹ̀. Àmọ́ ìwé ńlá méjì tí mo fi gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè ṣe iṣẹ́ tó tó ti pátákó náà, ìwé kì í sì í pariwo.

Agolo afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ lé e. Mo ti gbọ́ pé eruku ló máa ń dí láptọ́ọ̀pù, mo ra agolo náà, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò ẹ̀yìn, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Eruku díẹ̀ fò jáde láti abẹ́. Fáànù inú ń yí, ó ń súfèé, mo rò pé àmì pé ó ń mọ́ nìyẹn. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí, torí mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ líle yí fáànù, ó lè sáré kọjá ibi tí wọ́n ṣe é dé, béárìn rẹ̀ á bà jẹ́. Ó tún lè mú iná wá bí ó ti ń yí, kí iná yẹn padà sára bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wà lára rẹ̀. Ó yẹ kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan di fáànù náà mú kó má yí, kí a máa fẹ́ ẹ ní kúkúrú kúkúrú, kí agolo sì dúró ṣánṣán; bí a bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, omi olóòtútù ni yóò máa tú jáde.

Láìpẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ha nǹkan, pàápàá bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, híha dópin. Gbogbo ariwo dópin. Mo lè gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan náà tí láptọ́ọ̀pù wà, kí gbohùngbohùn má gbọ́ ọ rárá. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi yóò mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé mo ti tún láptọ́ọ̀pù mi ṣe fúnra mi.

Ó paná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́ tí mo ní láti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo tàn án, ó tún paná kí n tó ṣí fáìlì. Ẹ̀rù ni mo fi tàn án lẹ́yìn ìyẹn, mo ń kó fáìlì sórí fúláàṣì díẹ̀díẹ̀, mo ń jẹ́ kó sinmi láàárín, n kò mọ èyí tó máa kẹ́yìn. Inú bí mi sí láptọ́ọ̀pù náà, inú bí mi sí ara mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn lóru ọjọ́ náà. Ohun tó dá mi dúró ni pé n kò mọ ohun tó ń ṣe é gan-an, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo lè gbé àṣà kan náà lọ bá tuntun.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn nǹkan. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe látẹ̀yìnwá, ọwọ́ àti etí ni mo fi ń ṣe é: mo á fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, mo á tẹ́tí sí fáànù. Ọwọ́ kò lè sọ ìwọ̀n ooru inú CPU. Lórí Windows, áàpù kan tó ń jẹ́ HWiNFO wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, ó ń sọ èyí tó ga jù látìgbà tí a ti ṣí i, ó sì máa ń sọ bí CPU bá ti dín eré rẹ̀ kù nítorí ooru. Lórí Linux, àṣẹ `sensors` ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bí a bá ti fi lm-sensors sórí rẹ̀. Àwọn tó ń lo Mac lè rí nǹkan kan tó ń jẹ́ kernel_task nínú Activity Monitor, tó dà bíi pé ó ń jẹ CPU ní àjẹjù. Kì í ṣe òun ló ń mú kọ̀ǹpútà gbóná. Ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àyè CPU lọ́wọ́ àwọn áàpù tó ń lò ó jù, kí ooru lè rọlẹ̀.

Lójú HWiNFO tèmi, ìlà kan wà fún eré fáànù. Òdo ló wà níbẹ̀. CPU wà ní 97°C, fáànù wà ní òdo. Ariwo tí mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí ni ohun kan ṣoṣo tó ń gbà mí là, ó sì ti kú. Kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù ló ń fi eré fáànù hàn o. Bí tiyín kò bá fi hàn, ẹ gbé ọwọ́ síwájú ihò ẹ̀yìn nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí afẹ́fẹ́ kò sì jáde, ẹ ti rí i.

Kí n tó rí fáànù rà, ohun mìíràn tún hàn. Láìṣe ohunkóhun, kí n kàn ṣí ojú Windows sílẹ̀, CPU kò sinmi. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager ṣí, mo to àwọn áàpù bí wọ́n ṣe ń lo CPU sí. Bíráwúsà ló wà lókè. Chrome ní Task Manager tirẹ̀ (Shift àti Esc ni mo fi ṣí i lórí Windows), ibẹ̀ ni mo ti rí i pé extension kan, ìyẹn áàpù kékeré tí a ń fi kún bíráwúsà, tí mo fi ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, tí mo ti gbàgbé pé ó wà, ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Mo yọ ọ́, CPU sì rọlẹ̀ bíi 15°C lójú ẹsẹ̀. N kò mọ ohun tó ń ṣe. Láàárín 2017 sí 2019, àwọn kan ń fi kóòdù kan tó ń jẹ́ Coinhive sínú ojúewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi kọ̀ǹpútà àlejò wa Monero, irú owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀. Coinhive ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò Coinhive kó tó wáyé. Extension tí ẹ kò bá lò, ẹ yọ ọ́.

Ìmọ̀ tó wúlò fún mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí n má wo bí ooru ṣe ga nìkan, kí n wo bó ṣe ń gun òkè. Bí a bá fún CPU níṣẹ́ líle, tí ooru rẹ̀ fò láti 50 sí 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ooru kò ráyè kúrò lórí CPU bọ́ sára bàbà tó yẹ kó gbé e lọ. Ìfarakàn ló burú: thermal paste, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi sáàárín CPU àti bàbà, ti gbẹ, tàbí bàbà kò jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dé ibi líle, ooru ń kúrò lórí CPU, kò kàn rí ọ̀nà jáde kúrò nínú àpótí ni. Fáànù, eruku, ihò dídí: ibẹ̀ ni kí a lọ. Tèmi ń gun díẹ̀díẹ̀.

Mo wá ṣí i. Àkókò wárántì mi ti kọjá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì ń bẹ, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó tà á. Mo wá fídíò ẹni tó ṣí irú rẹ̀ gan-an, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo fi wá a, torí láptọ́ọ̀pù méjì tí orúkọ wọn jọra lè yàtọ̀ nínú. Mo ya àwòrán abẹ́ rẹ̀ sórí pépà, mo sì ń gún síkúrù kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí mo ti yọ ọ́ lórí pépà náà. Èyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ: síkúrù wọn kò gùn dọ́gba, èyí tó gùn bá bọ́ sí ihò èyí tó kúrú, ó lè gún bọ́ọ̀dù tàbí kó ti ike sókè. Méjì lára tèmi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà, n kò mọ̀, mo sì ń fi agbára fa ike títí mo fi gbọ́ ìró kan tí n kò fẹ́ gbọ́. Ike kan kán létí. Bí ike kò bá ṣí, síkúrù kan ṣì wà níbì kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí ó ṣí ni pé mo yọ okùn bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ṣájà ti kúrò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì ń gbé iná kódà nígbà tí a bá ti pa kọ̀ǹpútà. N kò lo ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilé, torí ó lè kó iná tí ìfarakanra ń mú wá (static) jọ sí ẹnu rẹ̀, kó sì fi na ohun kan lórí bọ́ọ̀dù.

Fáànù náà fúnra rẹ̀ kò dọ̀tí púpọ̀. Mo fi ìka yí i, ó ń ha, kò sì yí dé ibì kan kó tó dúró. Mo yọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láàárín fáànù àti àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, eruku àti irun ti hun ara wọn pọ̀, ó nípọn bí aṣọ òtútù, mo sì fi ìka méjì ká a kúrò lódindi. Kò sí bí mo ṣe lè rí i láti ìta, torí ojú inú ni ó lẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn, mo kàn ń tì í padà sórí fáànù ni, èyí tó bá já lára rẹ̀ sì ń gba abẹ́ jáde, tí mo wá ń rò pé mo ti nu nǹkan.

Páìpù bàbà pẹlẹbẹ tó so CPU mọ́ àwọn ewé irin yẹn, mo rò tẹ́lẹ̀ pé bàbà lásán ni. Ihò ni inú rẹ̀. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ kúrò. Omi náà á di èéfín omi ní ìhà CPU, á sáré lọ sí ìhà tó tutù, á tún di omi níbẹ̀, á sì gba ara ògiri inú páìpù padà. Los Alamos ní Amẹ́ríkà ni George Grover ti ṣiṣẹ́ lórí irú páìpù yìí lọ́dún 1963. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé páìpù tó bá ká tàbí tó bá lu ti kú nìyẹn, kò ní ṣeé wò mọ́, bí mo sì ti fẹ́ fi agbára tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa, inú mi dùn pé mo ti ka èyí ná.

Níwọ̀n bí mo ti yọ páìpù náà pẹ̀lú irin tó fi jókòó lórí CPU, mo ní láti pààrọ̀ thermal paste. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dí àwọn àlàfo tín-tìn-tín tó wà láàárín CPU àti irin lọ, torí afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú àlàfo yẹn kì í gbé ooru dáadáa. Mo fi isopropyl alcohol tó lé ní 90% nu èyí tó ti gbẹ kúrò, mo fi ẹ̀kán kékeré sí àárín, ìwọ̀n tó máa tàn bo gbogbo ojú CPU. Nọ́ńbà wà lára irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkúrù kọ̀ọ̀kan. A máa ń dè é bí nọ́ńbà ṣe tò, díẹ̀ díẹ̀ yíká, kì í ṣe kí a de ọ̀kan dópin kí a tó bọ́ sí èkejì. Nínú ọjà, ẹ máa rí irin olómi tí wọ́n ń fi rọ́pò paste. Gallium wà nínú rẹ̀, ó ń gbé iná, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù. N kò ní fọwọ́ kàn án.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, àwọn ṣíìpù kéékèèké wà tí rọ́bà rírọ̀, ìyẹn thermal pad, wà lórí wọn. Ọ̀kan ya nígbà tí mo ń gbé irin. Mo ní òmíràn nílé, mo gé e, mo fi rọ́pò. Mo de gbogbo rẹ̀ padà, mo tàn án, fáànù tuntun ń yí, mo fún CPU níṣẹ́, 100°C ló bá fò sí kí n tó ka márùn-ún. Ó burú ju ti àtijọ́ lọ. Bí n kò bá ti mọ ọ̀rọ̀ bí ooru ṣe ń gun òkè yẹn ni, mi ò bá ní fáànù ni wọ́n tà fún mi ní ayédèrú, mi ò bá sì dá a padà. Ó fò lójijì, nítorí náà ìfarakàn ni. Mo tún un ṣí. Rọ́bà tí mo fi sí i jẹ́ mìlímítà kan, èyí tó ya jẹ́ ìdajì mìlímítà. Ìdajì mìlímítà tó lé yẹn gbé irin kúrò lórí CPU. Mo ra èyí tó bá a mu, mo pààrọ̀ paste lẹ́ẹ̀kan sí i, torí paste tí a bá ti gbé irin kúrò lórí rẹ̀, a kì í tún un lò. Ó dúró sí nǹkan bíi 88°C lábẹ́ iṣẹ́ líle, kò sì dín eré rẹ̀ kù mọ́.

88 ṣì ga lójú mi. Ibi tí mo ti dín in kù sí i kò gba síkúrù kankan. Nínú Power Options ti Windows, lábẹ́ Processor power management, mo yí Maximum processor state láti 100% sí 99%. Lára CPU tèmi, ìdá kan péré yẹn ń pa eré àfikún, Turbo Boost. Mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́, mo sì kọ̀ ọ́, torí ó dà bíi pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gé ohun tí mo sanwó fún. Nígbà tí mo dán an wò, ooru bọ́ sí nǹkan bíi 70, fáànù rọlẹ̀, fídíò tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lé ní ogójì. Ìdí tí ìyàtọ̀ ooru fi pọ̀ ju ìyàtọ̀ eré lọ ni pé kí CPU tó lè sá eré àfikún, ó ní láti gba fóltéèjì tó ga, agbára tó ń jẹ sì ń pọ̀ ju bí fóltéèjì náà ṣe ń pọ̀ lọ dáadáa. Tí iṣẹ́ bá kánjú, mo á dá a padà sí 100.

Mo tún fẹ́ dín fóltéèjì náà kù tààrà, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, láìdín eré kù. Kò ṣí fún mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn olùwádìí fi àléébù kan hàn tí wọ́n pè ní Plundervolt, pé ẹni burúkú tó bá ti gba àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà lè fi yíyí fóltéèjì ba ibi ìpamọ́ kan nínú CPU Intel jẹ́. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò lọ wá BIOS àtijọ́ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) tó máa ṣí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn rẹ̀.

Gbogbo èyí ti parí kí n tó mọ ohun tí ooru ti ṣe sí bátìrì. Pádì tí mo fi ń darí ọfà lórí sikirínì bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Mo rò pé èmi ni mi ò de nǹkan padà dáadáa. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó ń mì. Bátìrì ti wú, ó ń ti pádì láti abẹ́. Bátìrì lithium tó ti wú, a kì í tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé, a kì í gún un kí atẹ́gùn lè jáde, a kì í sì í gba iná sí i mọ́. Ó lè gbiná. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo gbé e jìnnà sí ohun tó lè jóná, mo sì jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yọ bátìrì náà, torí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, n kò fẹ́ fi irin hú u. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba bátìrì tó ti bàjẹ́ ló lọ, kò lọ sínú ààtàn. Ooru àti kí bátìrì máa wà ní 100% lójoojúmọ́ ló máa ń tètè gbó irú bátìrì yìí, méjèèjì ni tèmi sì jẹ, torí mo kì í yọ ṣájà. Nínú áàpù tí wọ́n fi ń ṣètò láptọ́ọ̀pù mi, ibì kan wà tí mo ti lè sọ pé kó dúró ní 80%. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti rà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ báàgì. Mo máa ń pa ideri dé, kí n sì gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó gbóná débi pé mo ní láti gbé e sílẹ̀, fáànù tuntun mi ń ké nínú aṣọ. Oorun tí láptọ́ọ̀pù ìwòyí ń sùn kò jinlẹ̀: nínú ohun tí Windows ń pè ní Modern Standby, ó ṣì lè máa gba lẹ́tà, kó máa wá àtúnṣe, bí áàpù kan bá sì dì í mú, kò ní sùn rárá. Mo ti yí ohun tí pípa ideri dé ń ṣe padà sí Hibernate, èyí tó ń kọ gbogbo iṣẹ́ sórí dísíìkì kó tó paná pátápátá. Nígbà tí mo bá fẹ́ pa á gan-an, mo máa ń di Shift mú kí n tó tẹ Shut down, torí Fast Startup kì í jẹ́ kó kú tán. Ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí báyìí, bíi kí n yọ gíláàsì mi jáde kí n nù ún.